Bí Ìwé Ìyá Yunifásítì Ṣe Di Bébà Ẹ̀pà ní Minna

Ìgò kẹrosíìnì kan, kọ́bọ̀ méjìlá! Èyí tí mo rà ní kọ́bọ̀ mẹ́jọ lọ́jọ́ Ajé. Fìtílà kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní ìdájí ọjọ́ tí mò ń lọ sí Minna, mo lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò mi tó ń ta epo, ó sì pe iye yẹn sí mi létí láìṣẹ́jú. Mo san án, kí ni ǹ bá ṣe? Ṣùgbọ́n mo búra níwájú ilé rẹ̀ pé títí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi ṣú, ẹnikẹ́ni kò tún ní í rẹ́ mi jẹ mọ́. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ rò fún yín yìí, inú ìbúra yẹn ló ti jáde.

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ mọ iṣẹ́ mi. Bébà àlòkù ni mò ń tà. Mo máa ń ra ìwé tó ti gbó ní ọ́fíìsì àti ilé ìwé, mo máa ń dì í sínú àpò, mo sì ń kó o lọ fún àwọn tó ń fi í di ẹ̀pà, àkàrà kòsé àti ẹran sísun. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ Minna di olú ìlú ìpínlẹ̀ tuntun, ibẹ̀ ni ọjà mi ti ń yá jù. Àwọn akọ̀wé ń rọ́ wọ ìlú náà láti ibi gbogbo, gbogbo wọn ló sì ń jẹ ẹ̀pà. Ìwé ìjọba tiwọn ṣì tutù, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń tì í mọ́, kò tíì gbó tó ohun tí a ń fi di nǹkan.

Ní tèmi, ìwé kejì ni mo kà dé. Mo lè ka Yorùbá bí mo bá ń fi ìka tẹ̀ lé e. Gẹ̀ẹ́sì ń wò mí, èmi náà ń wò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, màmá kan ní àdúgbò wa ránṣẹ́ pè mí. Ìyá Yunifásítì ni gbogbo wa ń pè é. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn olùkọ́ àkọ́kọ́ ní yunifásítì, nígbà tí yunifásítì kò tíì ní ilé, tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú àgọ́ tí àwọn ṣọ́jà fi sílẹ̀. Ọkọ kú, màmá padà sílé, ṣùgbọ́n kò fi ìwà ibẹ̀ sílẹ̀. Ife tíì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àwo lábẹ́. Kì í ná ọjà. Iye tí o bá pè fún un ló máa san, bí ẹni pé owó ń dọ̀tí sí i lọ́wọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti pinnu nínú ara mi pé obìnrin tí kò mọ ọjà ná ni.

Ó gbé ìdìpọ̀ kan fún mi tó fi ògbólógbòó ìró wé. Ìwé àjákọ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Sikirá, Fọlákẹ́ ni kí o gbé e fún. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi lé e lọ́wọ́."

Fọlákẹ́ ni ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ní Minna.

Mo ní, "Màmá, kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ohun tí ojú mi rí ní ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ tí a débẹ̀. Mò ń kọ ọ́ lójoojúmọ́. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n wá láti yunifásítì, wọ́n ní àwọn ń kó ìwé àwọn tó dá a sílẹ̀ jọ. Wọ́n kó ti bàbá Fọlákẹ́ kún ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá èmi náà kọ nǹkan." Ó nu ojú rẹ̀, ojú tó ti ń fọ́ lọ láti ọdún méjì sẹ́yìn. "Èmi fúnra mi kò lè kà á mọ́. Fọlákẹ́ yóò tẹ̀ ẹ́, yóò sì mú un lọ fún wọn. Kò ní ẹ̀dà o. Bí èyí bá sọnù, a jẹ́ pé mi ò gbé ibẹ̀ rí nìyẹn."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Nínú ara mi, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ti ta irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n àpò àìmọye.

Ní gáréèjì, awakọ̀ lọ́rì kan tó ń jẹ́ Ìdí gba náírà mẹ́ta owó ọkọ̀, ó sì ní àádọ́ta kọ́bọ̀ ni ẹrù kọ̀ọ̀kan. Àpò bébà méjì ni mo ní. Ó na ìka sí ìdìpọ̀ abẹ́ abíyá mi.

"Ìyá, ìyẹn náà ńkọ́?"

"Èyí tí mo gbé bí ọmọ ìkókó yìí?"

"Ẹrù ni ẹrù, Ìyá. Bó bá jẹ́ ọmọ ìkókó gan-an, tó bá ti wúwo, màá gbowó rẹ̀."

"Ọkọ̀ rẹ tí kò ní ìlẹ̀kùn lápá ọ̀tún yìí? Ìwọ ló yẹ kó sanwó fún mi pé mo gbà láti wọ̀ ọ́."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, Ìdí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dín kọ́bọ̀ kan. Ẹ rántí pé mo ti búra. Mo bá yọ sẹ́yìn ọkọ̀, mo tú ìró kúrò lára ìwé Màmá kó má baà yọ gòǹgò, mo ki ìwé náà bọ àárín àpò mi kan, mo sì so ẹnu àpò padà. Ìró náà, mo dà á bora, nítorí òtútù. Mo wọ ọkọ̀, inú mi ń dùn. Àádọ́ta kọ́bọ̀ ti dúró sílé.

Ilẹ̀ ń mọ́ nígbà tí a dé Jẹ́bà. Bí ọkọ̀ ṣe ń gun afárá, Odò Ọya funfun nísàlẹ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Mo ra ẹja díndín kan ní ọgbọ̀n kọ́bọ̀, ó gbẹ débi pé egungun rẹ̀ gan-an ni mo kọ́kọ́ rí jẹ. Láti Mọ́kwá lọ, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn wá bí ẹni ń ku èlùbọ́. Ní Bìdá, wọ́n fi ìrẹsì àti ẹ̀wà kún àwo fún mi ní ogún kọ́bọ̀, ẹnì kan kò sì béèrè bóyá mo fẹ́ ẹran kí wọ́n tó fi í sí i, wọn kò sì gbowó rẹ̀. Mo yẹ ẹran náà wò tìfuratìfura. Lọ́dọ̀ wa, bí olóńjẹ bá fún ọ ní ẹran ọ̀fẹ́, o ní láti béèrè ohun tó kú. Mo jẹ ẹ́. Kò sí ohun tó ṣe mí.

Ní ọ̀sán gan-an, a wọ Minna. Tipà ń lọ, tipà ń bọ̀, erùpẹ̀ pupa bo ewé, bo ewúrẹ́, bo àwọn akọ̀wé tó so táì. Mo rí àwọn obìnrin Gwari tí wọ́n ru igi ìdáná. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé, kì í ṣe orí, orí wọn sì dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù bí ẹni pé wọn kò mọ ara wọn. Mo bi ọkùnrin kan tó ń sọ Yorùbá pé níbo ni ọ́fíìsì tí Fọlákẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ wà. Ó ní ilé ìwé kan ló wà lánàá, wọ́n ti kó o lọ sí ibòmíràn lónìí, ó ku ibi tí wọn yóò kó o sí lọ́la. Mo ní kò burú, mo mọ ilé rẹ̀ ní Fadikpe, alẹ́ ni màá lọ. Kí n kọ́kọ́ gbé ọjà mi dé ọ̀dọ̀ oníbàárà mi.

Oníbàárà mi ni Hajiya Làràbá, ọmọ Hausa, tó ń pín bébà fún àwọn ẹlẹ́pà. Yorùbá rẹ̀ kò ní "ẹ", "o" ni fún ọmọdé àti àgbà, mo sì ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ó kí mi títí: ilé ńkọ́, ọ̀nà ńkọ́, àárẹ̀ ńkọ́, òjò ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Lọ́dọ̀ wa ní Ìlọrin, ẹni tó ni ẹrù ló ń jókòó lé e títí wọn yóò fi sanwó. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, èèwọ̀ ni kí àlejò fọwọ́ kan ẹrù. Wọ́n gba àpò lọ́rùn mi, wọ́n tẹ́ ẹní fún mi lẹ́yìnkùlé, wọ́n gbé igbá fúrá kalẹ̀. Fúrá ni ọkà tí wọ́n gún tí wọ́n ṣù, tí wọ́n pò mọ́ wàrà kíkan. Mo mu, mo tún mu. Oorun ń kùn mí.

Hajiya wọlé, ó ka náírà mẹ́rìnlá lé mi lọ́wọ́.

Mo ní, "Kí lèyí?"

"Owó rẹ. Mo ti bá ọ tà á tán. Àwọn ẹlẹ́pà ti ń dúró láti àárọ̀. Kai, bébà rẹ dára lónìí! Èyí tó ní ìlà, wọ́n ń jà lé e lórí. Ó ń ká dáadáa."

Èyí tó ní ìlà. Ìwé Màmá!

Mo sáré jáde. Àpò méjèèjì ti pẹlẹbẹ sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bó awọ ẹran. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èèpo ẹ̀yìn ìwé àjákọ mẹ́rin wà níbẹ̀, wọ́n ti ya wọ́n sọnù nítorí pé wọ́n nípọn jù. Mo kó wọn mọ́ra, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Hajiya di orí mú. "Ìwé kí ni? Kùránì ni?"

"Rárá."

"Ìwé ilé?"

"Rárá."

"Owó wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí owó. Ìyá kan ló kọ ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ síbẹ̀."

Ó wò mí títí. "Kí ló dé? Kò lè rántí ohun tó ṣe ni?"

Ìbéèrè tí èmi náà ti bi ara mi nìyẹn.

Àwọn ẹlẹ́pà ti fọ́n ká: òmíràn sí ibùdókọ̀ rélùwéè, òmíràn sí Nassarawa, òmíràn sí Keteren Gwari. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi lọ sí ibì kankan nínú wọn. Fadikpe ni mo gbà lọ, mo di èèpo ìwé mẹ́rin mú. Fọlákẹ́ ń gbé yàrá kan pẹ̀lú àwọn akọ̀wé obìnrin méjì. Mo rò fún un lórí ìdúró, láìfi ohunkóhun pamọ́. Mo retí pé yóò bú mi. Mo ti ní èsì nílẹ̀, nítorí n kì í jókòó gba èébú. Ṣùgbọ́n ó kàn jókòó sílẹ̀ ni, ó ń fi ìka ra ibi tí ìyá rẹ̀ kọ orúkọ sí lára èèpo kan.

Ó ní, "Ìyá Sikirá, ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò tíì kà á rí? Màmá ní kí n dúró di ọjọ́ tí mo bá ní àyè. Ojú Màmá sì ti lọ."

Ẹ gbọ́, ìbá kúkú bú mi.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé. Kò síṣẹ́. Àwa méjèèjì jáde ní òwúrọ̀. Ẹlẹ́pà àkọ́kọ́ tí a bá ní ibùdókọ̀ rélùwéè ti ká bébà rẹ̀ sókè ṣóńṣó ṣóńṣó, ẹ̀pà ti kún inú wọn. Mo rí yínkì búlúù Màmá lára mẹ́ta. Mo ní kó tú ẹ̀pà dà, kó ta bébà fún mi.

Ó ní, "Bébà kẹ̀? Ẹ̀pà ni mò ń tà. Kọ́bọ̀ méjì, kọ́bọ̀ méjì."

"Mi ò fẹ́ ẹ̀pà."

"Ẹ má rà á nígbà náà."

Èmi tí mo ta bébà náà! Mo rà á. A lọ síwájú, mo tún rà. A máa ń da ẹ̀pà sínú ìró Màmá, Fọlákẹ́ á na bébà lórí itan rẹ̀. Ní Nassarawa, mo rí akọ̀wé kan tó ń jẹ ẹ̀pà lọ lójú ọ̀nà, mo já bébà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀pà dà sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ pariwo lé mi, "Mahaukaciya! Mahaukaciya!" Wèrè obìnrin nìyẹn lédè Hausa. Mo bú wọn ní Yorùbá. Ọ̀kan nínú wọn yíjú sí ìyá rẹ̀, ó sì bi í ní Hausa pé kí ni mo sọ, ìyá náà dáhùn, ohùn Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló jáde lẹ́nu rẹ̀: "Má dá wọn lóhùn." Ó jọ mí lójú. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni èmi ń bú, òun kò sì gbọ́.

Ní ọ̀sán, ojú ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni a rí. Òróró ti wọ òmíràn débi pé o lè rí oòrùn láti inú rẹ̀. A dé Keteren Gwari, ó ti rẹ̀ wá. Ẹlẹ́pà mẹ́ta ló wà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí ibẹ̀, wọ́n sì ti tà á tán. Ibi gbogbo ní Minna ni bébà ń fò kiri bí ẹyẹ, ṣùgbọ́n níwájú mọ́ṣáláṣí yìí, ilẹ̀ mọ́ roro. Kò sí bébà kan.

Mo bi ẹlẹ́pà kan pé ta ló ń gbálẹ̀ níbí. Ó fi ẹnu júwe ilé kan. Bàbá kan jókòó níwájú rẹ̀ lórí awọ àgbò, ó ń kọ wàláà. Mo kí i ní Hausa, ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ohùn Ìlọrin. Àfáà Jímọ̀ lorúkọ rẹ̀, ó ti pẹ́ ní Minna ju rélùwéè lọ, bí òun ṣe wí.

Mo ní, "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, bébà tí àwọn ẹlẹ́pà ń lò, ibo ló ń lọ?"

"Èmi ni mò ń ṣà á. Ohun tí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ sí, ta ló mọ̀ bóyá orúkọ Ọlọ́run wà nínú rẹ̀? A kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Inú àpò ni mò ń kó o sí. Bó bá kún, mo máa dáná sun ún níbi tó mọ́."

"Ẹ ti sun èyí tẹ́ ẹ ṣà lánàá?"

"Lọ́la, lẹ́yìn ìrun àárọ̀."

Fọlákẹ́ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Àfáà gbé àpò náà jáde, ó rọra dà á sórí ẹní. Ẹ wá wo yínkì búlúù! Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Àfáà ń wò mí.

"Ìwọ lo ta ọ̀rọ̀ fún ẹlẹ́pà?"

"Àfáà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Orúkọ Ọlọ́run kò sí níbẹ̀."

"O kà á?"

Mo fẹ́ fún un lówó, kò gbà. Mo fún un ní ẹ̀pà, ó gbà á.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ojú ìwé tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni. Mo fi ìka tẹ̀ lé e, mo ń pè é jáde díẹ̀díẹ̀: "Mo tún ta páálí ṣúgà mẹ́ta lónìí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìyàwó ọ̀gá òyìnbó yọjú, mo ní mò ń ta àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ lọ́rẹ ni. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ìyàwó olùkọ́ ń tajà, ojú yóò ti ọkọ mi. Òun náà kò mọ̀."

Mo kígbe. Fọlákẹ́ já a gbà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá mi? Màmá mi tí kì í ná ọjà?"

"Ta ló máa ná ọjà níwájú ẹni tí kò fẹ́ kó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n?" mo ní. Orí mi ń fò lọ. Obìnrin tí mo máa ń bá ra nǹkan lọ́jà, tí mo sì ń fi kún iye rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́! Ó mọ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá ló mọ̀.

A wá àwọn tó kù tó jẹ́ Yorùbá. Èyí tí kò fẹ́ kí àwọn òyìnbó yunifásítì kà ló kọ ní Yorùbá. Ó ń ra ṣúgà lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o wọ ilé oúnjẹ wọn, ó ń tà á pẹ̀lú èrè tọ́rọ́, ìyẹn pẹ́nì mẹ́ta, lórí páálí kọ̀ọ̀kan. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, ó kọ ọ́ pé: "Lónìí mo jáwọ́, nítorí oyún Fọlákẹ́. Mo ṣírò gbogbo èrè mi láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́," ojú ìwé sì parí. Èyí tó tẹ̀ lé e kò sí.

Mo fi gbogbo ọjọ́ Àìkú wá ojú ìwé kan yẹn. Fọlákẹ́ ní kí n sinmi, pé nọ́ńbà tí Màmá kọ sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan fi hàn pé mọ́kànlá péré ló kù, pé òun yóò tẹ èyí tó wà, yunifásítì yóò sì gbà á. Ó ti tẹ́ wọn sórí ẹní, ó fi òkúta lé wọn lórí, ó ń kà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó ní bí mo bá délé, kí n sáà sọ fún Màmá pé ó pé. Èmi kò gbọ́ ti sísinmi. Kí ni oníṣòwò fi ìwé ṣe tí kò bá sí àpapọ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀? Mi ò rí i. Mo ti ra ẹ̀pà náírà mẹ́rin àti kọ́bọ̀ mẹ́rìnlélógójì.

Ní ìdájí ọjọ́ Ajé, mo wọ ọkọ̀ padà. A dé Ìlọrin bí wọ́n ṣe ń pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Mi ò dé ilé mi, ọ̀dọ̀ Màmá ni mo gbà lọ, irọ́ mi ti pé lẹ́nu mi.

"Ìyá Sikirá, ó dé ọwọ́ rẹ̀?"

"Ó dé ọwọ́ rẹ̀, Màmá. Ó pé."

Ó fa afẹ́fẹ́ símú. "Kí ló dé tí o ń rùn bí ẹ̀pà?"

Mo kúnlẹ̀, mo rò ó láti orí àádọ́ta kọ́bọ̀ Ìdí dé orí àpò Àfáà. Mo sọ ti ojú ìwé mọ́kànlá. Mo sọ ti ṣúgà. Mo rò pé yóò lé mi jáde.

Bí ẹ bá bi mí ní ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi, kò tíì yé mi tán. Mo ti gbé ilé ayé mi ka orí pé ìwé tí wọ́n ti lò tán kò níṣẹ́ mìíràn mọ́ ju kí a fi di ẹ̀pà lọ. Ní báyìí, bí wọ́n bá kó bébà tí a fi ọwọ́ kọ wá bá mi, mo máa ń yà á sọ́tọ̀, mo máa ń béèrè ẹni tó kọ ọ́, àwọn tó ń tà á fún mi sì ń rò pé orí mi ti dàrú. Ó ṣeé ṣe. Nítorí ohun tí mo bi Màmá lórí ìkúnlẹ̀ yẹn kì í ṣe ìdáríjì.

Mo ní, "Màmá, mo bẹ yín. Èló ni èrè ṣúgà náà?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ ní èjìká rẹ̀ kó tó dé ẹnu rẹ̀. Ó ní ọkọ òun kú láìmọ̀. Ó ní Fọlákẹ́ jẹ nínú rẹ̀ láìmọ̀. Ó fà mí lápá sún mọ́ra, kò sì ronú rárá kó tó dá mi lóhùn.

"Pọ́ùn mẹ́tàdínlógójì, ṣílè mọ́kànlá, àti tọ́rọ́."